Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣòfin Wa ní Àbújá Nípa Àwọn Obìnrin Tó Yọ̀ǹda Ara Wọn ní Àgbègbè Ogun

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin Sẹ́nétọ̀ 18 tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá rán lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, àti ẹ̀yin aṣojú-ṣòfin tí ẹ jọ wà níbẹ̀,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Agbẹ̀bí ni mí, ọdún 33 ni mo sì fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kọ lẹ́tà yìí ní èdè Yorùbá nítorí pé ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ tọ àwọn ìyá wa wá ní ọjà àti ní àdúgbò nígbà ìbò, tí ẹ sì fi èdè yìí bẹ̀ wọ́n. Mo sì kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé àwọn tí mo ń torí wọn kọ̀wé kò mọ ọ̀nà ilé aṣòfin kankan, wọn kò sì ní ẹni tí yóò bá wọn gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Rann, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kala-Balge ní ìpínlẹ̀ Borno, nítòsí ẹnubodè Kamẹrúùnù. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi a gba gbogbo ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, a sì di pé hẹlikópítà nìkan ló lè gbé oúnjẹ àti oògùn débẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2017, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Red Cross ilẹ̀ Nàìjíríà wá pín oúnjẹ fún àwọn ogúnléndé tó kún ìlú náà, bààlúù àwọn ọmọ ogun tiwa fúnra wa ló ju bọ́ǹbù sí àárín wọn. Àṣìṣe ni, ìjọba sì gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Red Cross, àwọn 13 mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà sì fara pa. Nígbà tí ìwádìí parí, ohun tí a gbọ́ ni pé ibùdó náà kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ń lò gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń ṣèrànwọ́ fún aráàlú. Mo ti ka àlàyé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n ń gbé lójú kan, àwọn olùrànlọ́wọ́ ń wọlé wọ́n ń jáde, síbẹ̀ ìwé ìjọba kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ọdún kan lé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2018, àwọn agbésùnmọ̀mí ya wọ Rann yìí kan náà. Wọ́n pa òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ mẹ́ta pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì jí obìnrin mẹ́ta tó ń tọ́jú aláìsàn gbé lọ. Méjì nínú wọn jẹ́ agbẹ̀bí bíi tèmi: Saifura Khorsa, ẹni ọdún 25, ìyá ọmọ méjì, àti Hauwa Liman, ẹni ọdún 24, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Yunifásítì Maiduguri. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n pa Saifura. Ní oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí àjọ Red Cross lágbàáyé ti bẹ gbogbo ẹni tó bá lè ràn wọ́n lọ́wọ́ títí, wọ́n pa Hauwa náà. Nọ́ọ̀sì tó ṣìkẹta wọn wà ní ìgbèkùn fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́fà, oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni a tó gbọ́ pé ó ti bọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye ọdún yẹn sórí ìka yín. Ọmọ tí ó bá gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìjínigbé yẹn ti tó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó padà rí àwọn ènìyàn rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta yẹn ní àjọ ńlá lẹ́yìn. Gbogbo ayé gbọ́ orúkọ wọn, a sì rí ẹni tó kéde ikú àwọn méjì tí wọ́n pa. Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá jẹ mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, àwọn obìnrin tí wọn kì í gba owó oṣù, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni kọ ìwé àdéhùn, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ní kò ju ẹ̀wù tí a fi dá wọn mọ̀ àti owó ọkọ̀ tí kì í tó wọn lọ tó wọn bọ̀. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ náà wà ní tòótọ́.

Mo lè fi iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù lọ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti tán nílẹ̀ Áfíríkà, ìyẹn irú èyí tí kòkòrò rẹ̀ ń tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ọwọ́ àjẹsára nínú rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni, orílẹ̀-èdè wa ni ó sì kẹ́yìn nínú gbogbo àwọn tí a ń retí. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè ọya ti dá àjẹsára náà dúró nítorí ìbẹ̀rù àti àhesọ, àrùn náà sì tún tàn kálẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá yí i padà? Ọ̀pọ̀ nǹkan ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ iṣẹ́ náà yóò sọ fún yín pé láìsí àwọn obìnrin àdúgbò, kì bá tí ṣeé ṣe. Ọkùnrin àjèjì kò lè wọ inú ọgbà ilé níbi tí àwọn ìyàwó ilé wà. Obìnrin tí wọ́n jọ ń pọn omi ló lè wọlé. Òun ló mọ ẹni tó lóyún, òun ló ń lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ láti kán oògùn sí ìkókó lẹ́nu, òun ló ń fi yíǹkì kun ìka ọmọdé kí a lè mọ ẹni tó ti gbà á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n ṣe é, ilé dé ilé, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń rí gbà.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2013, àwọn oníbọn kọlu ibi méjì tí wọ́n ti ń ṣe àjẹsára yìí ní ìlú Kano, ó sì kéré tán obìnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n pa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò dá iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí a ń jó tí a ń yọ̀ ní ọdún 2020, mo tẹ́tí sí rédíò láti gbọ́ bóyá ẹnì kan yóò dárúkọ àwọn mẹ́sàn-án náà. N kò gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òkè ọya ni èyí, pé kí àwọn aṣojú ibẹ̀ gbé e. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nílé. Láàárín ọdún 1997 sí ọdún 2000, nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ le, mo ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀. N kò ní sọ ẹni tó jàre tàbí ẹni tó jẹ̀bi, nítorí pé àwọn aboyún tó sá wá bá wa kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ti oyè. Inú yàrá ìkàwé iléèwé kan ni a kó wọn sí. Orí ẹní ni mo ti gbẹ̀bí púpọ̀ nínú wọn, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kò tíì bọ̀ láti oko ló sì ń bá mi di fìtílà mú.

Ìyá kan wà ní àdúgbò náà tó ń ta ẹ̀kọ. Láti ọjọ́ kejì tí àwọn ènìyàn náà ti dé ló ti ń gbé agbada ẹ̀kọ àti ìkòkò mọ́ínmọ́ín wá láàárọ̀ kùtùkùtù, kì í sì í béèrè ìhà tí ẹnikẹ́ni ti wá. Mo fi owó lé e lọ́wọ́ nígbà kan, ó dá a padà, ó ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ohun tí à ń tà. Gbogbo wa yìn ín. A ní obìnrin bí ọkùnrin ni, a ní Ọlọ́run yóò san án fún un. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ìgbà náà kí n tó mọ̀ pé owó àjọ tí ó fẹ́ fi ra àgbàdo ni ó fi ń bọ́ wọn, pé owó òwò rẹ̀ tán pátápátá, àti pé ọmọ rẹ̀ kejì ti kúrò níléèwé gíga nítorí rẹ̀. Àwa tí a ń yìn ín kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kankan ibi tí oúnjẹ náà ti ń wá.

Láti ìgbà náà ni ara mi kì í ti í gba ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ ní gbogbo àyájọ́ ọjọ́ àwọn obìnrin, pé àwọn obìnrin wa lágbára, pé wọ́n lè fara da ohunkóhun. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fara dà á. Ṣùgbọ́n ìyìn yẹn ti di òṣùká tí a fi ń gbé ẹrù tuntun lé wọn lórí. Owó òwò obìnrin ni a fi ń ṣe àánú ní àkókò wàhálà, oorun rẹ̀ ni, ìlera rẹ̀ ni, ìwé ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí ó bá sì ná an tán, kò sí ibì kankan nínú ìwé ìṣirò ìjọba tàbí ti àjọ kankan tí a ti kọ ọ́ sí pé ó ná ohun kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdébìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ bá àjọ kan lọ sí Borno ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe máa wọn apá ọmọ wọn. Tẹ́ẹ̀pù kékeré kan ni, tó ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ pupa. Àárín èjìká àti ìgúnpá la máa ń wé e mọ́. Bí ó bá bọ́ sí ojú pupa, tí apá ọmọ náà kò tó sẹ̀ntímítà 11.5, ebi ti wọ ọmọ náà lára dé ibi tó léwu fún ẹ̀mí rẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ fi ìtọ́jú rẹ̀ dọ̀la. Ìyá tó bá mọ tẹ́ẹ̀pù yìí lò lè gba ọmọ rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ là láìtíì rí dókítà. Iṣẹ́ yìí ni ọmọ mi náà ń ti abúlé kan bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọn dojú dé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́ ní ibi méjì. Àjọ náà san owó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, ó kàn yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, àwa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó, ó sì ń rìn báyìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tiro. N kò dárúkọ àjọ náà, nítorí pé òfin kankan kò ní kí wọ́n ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, òfin yẹn gan-an sì ni mo bá wá. Ohun tí ọmọ náà sọ fún mi pé ó dun òun jù ni pé, nígbà tí òun ṣì wà lórí ibùsùn, wọ́n rán ẹnì kan wá gba ẹ̀wù tí orúkọ àjọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti ka òfin tó wà nílẹ̀, mo sì ní kí amòfin kan bá mi wò ó. Òfin ọdún 2010 tó ń rí sí owó ìgbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́ dára púpọ̀, ó sì mú ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra: òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, àní ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n àdéhùn iṣẹ́ láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tí kò gba owó oṣù, tó jẹ́ pé ìfẹ́ inú rẹ̀ ló gbé e jáde, kò rí ibi kan dúró sí nínú rẹ̀. Bí Rann kò ṣe sí lórí àwòrán ilẹ̀ àwọn ọmọ ogun ní ọdún 2017, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin yìí kò sí nínú òfin wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín láti ṣe kò ṣòro láti kọ sílẹ̀. Ẹ tún òfin yẹn ṣe kí ó lè mú ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ mọ́ra, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé àjọ kan tàbí ìjọba ló rán an níṣẹ́ sí ibi tí ogun, ìkún omi tàbí àjàkálẹ̀ àrùn wà. Kí ó di dandan fún àjọ tó bá ń lo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ó tó gbéra, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a ó kàn sí nílé rẹ̀, kí wọ́n sì ti san owó adójútòfò lé e lórí. Kí ìwé náà wà ní ìpamọ́, nítorí pé bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń wá wọn pa, oore yóò di ibi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gidigidi, ẹ má ṣe jẹ́ kí akọ̀wé kankan fojú kéré rẹ̀. Kí iye kan wà tí a óò máa san fún wọn lójúmọ́, tí kò ní kéré sí ohun tí wọn ìbá rí lórí òwò tàbí oko tí wọ́n fi sílẹ̀ wá. Àwọn kan yóò ní owó yóò ba ìfẹ́ inú jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ayébáyé ni a ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀wẹ̀ sì jẹ́ ìfẹ́ inú, síbẹ̀ ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣe é, ojú sì máa ń tì í bí oúnjẹ kò bá tó.

Ní ti ẹni tí wọ́n bá jí gbé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yan ọ́fíìsì kan tí òfin yóò mú un ní dandan fún láti máa bá ìdílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóṣooṣù, bí kò tilẹ̀ sí ìròyìn tuntun. Mo ti bá ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù jókòó rí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn aláṣẹ máa ń jẹ́ kó dà bíi pé òun nìkan ló rántí ọmọ náà láyé.

Ìdí tí n kò fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ti ọdún tó ń bọ̀ ni pé owó tí àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè ń fi ránṣẹ́ ń gbẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ rẹ̀ dúró ni àwọn àjọ ńlá ti ń kó ẹrù wọn. Ní oṣù Keje ọdún náà, àjọ tó ń rí sí ètò oúnjẹ lágbàáyé kéde pé àpò àwọn ti gbẹ, pé ìrànwọ́ oúnjẹ fún ènìyàn mílíọ̀nù 1.3 ní àríwá ìlà oòrùn Nàìjíríà yóò dúró, tí àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ tí ebi ń pa tó lé ní 150 yóò sì ti ilẹ̀kùn wọn. Ní ọdún 2016, níbi ìpàdé ńlá kan ní Istanbul, àwọn tó ń dáwó náà ṣèlérí pé tó bá fi di ọdún 2020, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìrànwọ́ yóò máa dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ inú ìlú fúnra wọn. Títí di òní, ìlérí náà kò tíì ṣẹ. Bí ọkọ̀ àwọn àlejò bá kúrò, àwọn obìnrin tó ń gbé ibẹ̀ ni yóò kù nílẹ̀, wọn yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 nígbà tí ìdídò Alau ya, tí omi bo apá tó pọ̀ nínú ìlú Maiduguri, tó sì tún lé àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé tẹ́lẹ̀. A ti mọ̀ pé wọn yóò ṣe é. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó mú wa sáré, nítorí pé ẹni tí a ti mọ̀ pé kò ní kọ̀ ni a máa ń rẹ́ jẹ jù lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa pé àwa jìnnà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú Ọ̀wọ̀, a rí ohun tí a máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ nínú ìròyìn òkè ọya nìkan. Nọ́ọ̀sì, obìnrin ọlọ́jà, ìyá ìjọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè di ẹni tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ di ojú ọgbẹ́ lọ́la ní Èkìtì tàbí ní Òkè Ògùn.

Bí ẹ bá gbé àbá òfin yìí kalẹ̀, tí ó sì di ọjọ́ tí ẹ óò gbọ́ ẹnu aráàlú, mo bẹ̀ yín kí ẹ má pe àwọn ọ̀gá àjọ nìkan. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Maiduguri, ní Monguno àti ní Rann. Ẹ wá ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè Kanuri àti Hausa, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ wọn ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, nítorí pé bí ẹ bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ ná an kí ẹ tó dá a padà, inú owó òwò wọn ni wọn yóò ti mú un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun